Gìtá Bàbá Wa àti Ọkùnrin Tó Fẹ́ Fi Tuntun Pààrọ̀ Rẹ̀

Yàrá Kẹta, Òkè Ilé Ìfọṣọ,
Ẹ̀yìn Ilé Ìtura.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ṣé ara yín ti mókun lẹ́yìn ibà ọjọ́sí? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé èyí tó máa ń jẹ ṣọ́ọ̀kì ti jáwọ́ níbẹ̀? Bàbá fúnra wọn ńkọ́, ṣé wọ́n ń rí oorun sùn? Èmi wà láàyè, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Láti Sátidé ni mo ti ń pe fóònù yín tí kò wọlé, ìdí nìyẹn tí mo fi sáré fi ìwé yìí rán awakọ̀ tó ń bọ̀ níhà ọ̀dọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó kà á tán.

Ẹ mọ gìtá Bàbá tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtura. Lóṣù tó kọjá, ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, okùn rẹ̀ wá le débi pé ìka mi ń bó bí àlùbọ́sà. Wọ́n júwe agbẹ́gìtá kan fún mi, àgbàlagbà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìlagi. Ó gba gìtá náà, ó ti dígí kékeré bọ inú ihò rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbórí sókè, ojú rẹ̀ ti yí padà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó béèrè ẹni tó ni ín. Mo ní bàbá mi ni. Ó béèrè bóyá wọ́n ṣì wà láàyè, mo ní wọ́n wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Èmi aláìmọ̀kan sì júwe ilé yín fún un láti ibùdókọ̀ dé ẹnu géètì.

Ìgbà yẹn ló ní òun ò ní tún un ṣe. Ó ní òun yóò fi tuntun tí òun fọwọ́ ara òun gbẹ́, tó bá ọwọ́ mi gan-an mu, pààrọ̀ rẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Àmọ́ ẹni tó ní òun ó fún ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ẹ̀wù ọkùnrin yìí ti gbó, òrùlé rẹ̀ ń jò. Kí ló fẹ́ fi ògbólógbòó ṣe? Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ó ní kò burú, kí n ṣáà fi í sílẹ̀ kí òun na ọrùn rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀.

Nígbà tí mo padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, gìtá tuntun ti wà lórí tábìlì, ó ti parí. Mi ò tíì gbà, gìtá kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ní ibi tí ìka kékeré tí ilẹ̀kùn gé mọ́ mi lọ́wọ́ kì í lè dé. Kò wọn ọwọ́ mi rí. Mo bi í léèrè. Ó ní ó ti di oṣù mẹ́jọ tí òun ti ń jókòó lẹ́yìn òpó ní ilé ìtura wa.

"Gìtá ni mo ń wò, kì í ṣe ìwọ," ó ní. "Mo mọ ohùn rẹ̀. Àmì inú rẹ̀ ló kù tí mo fẹ́ rí."

Ó ti dígí bọ inú gìtá Bàbá, ó ní kí n wò ó. Orúkọ ọkùnrin náà wà níbẹ̀, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Ó ní òun ló gbẹ́ ẹ nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, igi ọ̀gá òun lòun fi gbẹ́ ẹ. Ọ̀rẹ́ òun yá a lọ́wọ́ òun fún ìrọ̀lẹ́ kan péré. Nígbà tí ọ̀gá béèrè rẹ̀, ọ̀rẹ́ náà búra lójú gbogbo ènìyàn pé òun ti dá a padà. Wọ́n pe ọkùnrin yìí lólè, wọ́n lé e nígbà tó ku oṣù kan kó gba òmìnira. Ọ̀rẹ́ ọ̀hún ni Bàbá wa.

"Mi ò fẹ́ pè é lẹ́jọ́," ó ní. "Mo kàn fẹ́ kó tún búra lójú mi."

Ẹ̀gbọ́n mi, ó wà lẹ́nu mi láti sọ pé irọ́ ni. Mo wá rántí bí Bàbá ṣe máa ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé gìtá yẹn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí àlejò bá kanlẹ̀kùn. A rò pé ìfẹ́ ni. Mo gbé tuntun, mo jáde. Ó bá ọwọ́ mi mu débi pé ẹ̀rù ń bà mí láti ta okùn rẹ̀.

Lánàá, mo padà lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá Bàbá sọ̀rọ̀. Àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní láti ìdájí Sátidé ló ti gbé gìtá Bàbá kọ́ èjìká, tó ń béèrè ọkọ̀ ìlú yín. Ó kó gbogbo irin iṣẹ́ rẹ̀ fún télọ̀ náà. Ó ní òun ò ní lò wọ́n mọ́.

Bí kò bá tíì dé, ẹ rọra bi Bàbá léèrè òtítọ́ kí àlejò tó bi wọ́n. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kí wọ́n dákun má lọ síbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Tí ọkùnrin náà bá kanlẹ̀kùn, ẹ má lé e. Ẹni tó dúró tó bẹ́ẹ̀ kò ní lọ. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má fi òun àti Bàbá nìkan sílẹ̀ nínú yàrá.

Èmi ni àbúrò yín tí ń retí ìró yín,
Àbígbẹ̀yìn.