Ọkà Tí Ọjọ́ Rẹ̀ Kò Tíì Pé

Ọmọ mi, ìdùnnú mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá kò hanrun mọ́? Ẹlẹ́dàá rẹ kò ní sùn, ibi tí wọ́n bá ti ń pín ire, ẹsẹ̀ rẹ ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Bí o bá rí ìlà tó ń gun òkè, máa gun òkè tẹ̀ lé e, yóò padà sọ̀ kalẹ̀.

Ilé dùn. Ewúrẹ́ alámì funfun ti bímọ, òrùlé ilé ìdáná kò jò mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ páálí ọkà tí o fi ránṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀.

O mọ̀ pé inú bàbá rẹ ti dì láti ìgbà òjò. Wọ́n á wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ, wọ́n á pẹ́ níbẹ̀ títí, wọ́n á jáde pẹ̀lú ojú kíkorò bí ẹni tó rojọ́ tí ó jẹ̀bi. Wọn ò dá àpárá mọ́, ilé wá dákẹ́. Dókítà ní kí wọ́n yéé jẹ búrẹ́dì funfun láràárọ̀, kí wọ́n máa jẹ ọkà tí a kò bó èèpo ara rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á dá wọn dúró sórí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá rẹ ní àwọn kì í ṣe adìẹ tí ènìyàn ń da ọkà sí níwájú. Ìdí nìyẹn tí o fi fi páálí náà rán awakọ̀.

Nígbà tó gbé e dé, a wo àwòrán ara rẹ̀: abọ́ funfun, wàrà, èso pupa lórí ọkà, ṣíbí tó ń dán. A ṣí i, ọkà gbígbẹ nìkan la bá. Bàbá rẹ da gbogbo rẹ̀ sórí ọpọ́n, wọ́n tú u, kò sí abọ́, kò sí ṣíbí, èso kò sí. Wọ́n dé fìlà, ó di ibùdókọ̀, wọ́n ní kí awakọ̀ bi èso tó jẹ. Awakọ̀ búra, ó ya ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n wò ó. Bàbá rẹ wo ẹnu náà, wọ́n ní ó ti fọ ẹnu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bu ọkà náà fún wọn. Wọ́n gbé páálí, wọ́n yí i po, wọ́n rí déètì ní ìdí rẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní ṣé mo rí i báyìí, ọjọ́ tí a óò jẹ ẹ́ kò tíì pé, àwọn kò lè tìtorí inú dídì di arúfin. Wọ́n tì í mọ́nú àpótí aṣọ, wọ́n ní kí n gbé búrẹ́dì wá. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, torí ohun tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ kọ, mo máa ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ọmọ mi, o mọ̀ pé ẹnu mi kì í yá láàárín èrò. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí o ní kí n lọ, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó dé, gbogbo wọn ti mọ ara wọn, èmi nìkan ni mo ń jókòó lẹ́yìn létí fèrèsé. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kí mi, ó parí. Ni mo bá ń fi ojú bá wọn gbé. Mo mọ̀ pé tíṣà máa ń fi ọwọ́ aṣọ nu pátákó bí ó bá rò pé a ò wo òun, mo mọ̀ pé aránṣọ tó jókòó níwájú mi máa ń bọ́ bàtà bí ìṣirò bá le. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí bàbá rẹ ti oúnjẹ sẹ́yìn, tí wọ́n di ikùn mú, tí wọ́n ní kí n má sọ fún ọ, ìtìjú kúrò lójú mi. Mo nawọ́ sókè ní kíláàsì. Mo béèrè pé ta ni ènìyàn lè lọ bẹ̀ kí ó bá wa fa ọjọ́ ara páálí súnmọ́ ìhín.

Tíṣà ní kì í ṣe ọjọ́ tí a óò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ nìyẹn, ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ ti jẹ ẹ́ tán ni. Mo ní ó tán, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àfi bí aránṣọ ṣe káwọ́ lérí, tó ní òun gbé! Òun ní agolo bisikíìtì kan tí òun ń ṣọ́ ọjọ́ rẹ̀, ọjọ́ náà sì pé, òun sì ti fi ṣe àwọn àna òun lálejò. Ẹ̀rín bú. A rẹ́rìn-ín títí tí tíṣà fi jókòó sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ mi ni aránṣọ ń jókòó.

Mo sáré délé, mo ṣí àpótí. Eku kò mọ déètì kà, wọ́n ti jẹ ọkà náà tán.

Ni mo bá rántí obìnrin inú fóònù tí o fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́, èyí tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú ọkà inú páálí náà nílé. Èmi àti aránṣọ la jọ wò ó. Ọmọlúàbí ni, ó rẹ́rìn-ín sí wa kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí fóònù dá dúró, obìnrin náà na ṣíbí sókè, mo bẹ̀ ẹ́ títí kó sọ ọwọ́ kalẹ̀, kò gbà, ó ní sùúrù púpọ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó níná nínú ló gbé ọkà rẹ̀ sí. Mo yẹ kọ́bọ́ọ̀dù àwo tiwa wò dé ìsàlẹ̀, kò sí iná níbẹ̀. Mo fọ àgbàdo, ọkà bàbà àti jéró, mo sá wọn gbẹ, mo ní kí ẹlẹ́rọ kàn fọ́ wọn, kó má lọ̀ wọ́n kúnná, kó má sì fẹ́ èèpo dànù. Mo fi oyin díẹ̀ pa á lára, mo yan án nínú agbada lórí iná jẹ́jẹ́, mò ń rò ó láìdúró, mo da ẹ̀pà fífọ́ sí i nígbẹ̀yìn. Òórùn rẹ̀ gba ilé kan. Bàbá rẹ tí kì í ṣe adìẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí kò sọnù kiri ilé ìdáná.

Mo kó o sínú agolo, mo bu díẹ̀ sábọ́, mo da wàrà lé e. Wọ́n gbé agolo, wọ́n yí i po, wọ́n wo ìdí rẹ̀, wọ́n ní déètì dà? Àwọn kò lè jẹ ohun tí kò lọ́jọ́. Mo mú bírò, mo kọ ọ́ gàdàgbà sára agolo: LÓNÌÍ. Wọ́n kà á, wọ́n wò mí, wọ́n tún un kà. Ni wọ́n bá fa àga, wọ́n jẹ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tún lọ wo agolo bóyá ọjọ́ ti yẹ̀. Lónìí náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni à ń bá a lọ, títí mo fi gbọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ènìyàn ń súfèé nílé ìyàgbẹ́. Bàbá rẹ ni! Wọ́n jáde bí ẹni tó jàre ẹjọ́, wọ́n kí mi, wọ́n kí ewúrẹ́. Wọ́n bu agolo kan lọ fi bẹ awakọ̀. Awakọ̀ ṣí i, ó tú u, ó ní abọ́ àti ṣíbí òun ńkọ́. Ẹ̀rín wọn dé ọ̀dọ̀ mi nílé.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oyin àti owó ẹlẹ́rọ, àti agolo onídèrí líle tí eku kò lè bá ṣawo. Bí o bá ń gba ibi tí wọ́n ti ń ṣe páálí yẹn kọjá, bá wa rọra béèrè èso pupa náà, bí kò bá ní dìjà. Agolo méjì ni awakọ̀ ń gbé bọ̀. Ọ̀kan ni tìrẹ, èkejì ni ti obìnrin inú fóònù. Bá mi fún un, kó fi ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ jẹ ẹ́, apá á ti máa ro ó.

Gbogbo ire tí ò ń retí, ọmọ mi, kò ní jẹ́ ti ọdún tó ń bọ̀. Lónìí ni Ọlọ́run yóò kọ sí i lára.

Èmi ni ìyá rẹ, akẹ́kọ̀ọ́ etí fèrèsé.