Baba Ńlá Tí Ẹ Mú Wá Láti Olúpọ̀nnà

Bàbá Faridah,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́ ní Òṣogbo. Ògì wà nínú fúláàsì, àkàrà wà lábẹ́ àwo. Ẹ jẹun ná kí ẹ tó ka ìyókù.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí mo bá fi gbólóhùn kan sáàárín àmì àyọlò, tí mo sì kọ filetype:pdf tẹ̀ lé e, ìwé PDF nìkan ni Google máa kó wá, kò ní kó pàǹtí mọ́ ọn. Láàárọ̀ yìí mo ní kí n dán an wò. Mo mú gbólóhùn kan nínú ìtàn ìdílé yín tí ẹ ní ẹ fi oṣù mẹ́ta ṣèwádìí, èyí tí ẹ fẹ́ kà fún àwọn àgbà ní aago mẹ́rin òní kí wọ́n lè fi yín jẹ Mọ́gàjí. Ìwé kan ṣoṣo ló jáde, ìtàn ìdílé kan ní Olúpọ̀nnà. Orúkọ nìkan lẹ pààrọ̀. Ẹ fi odò wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ gọ́tà nìkan ló ń ṣàn lẹ́yìn agboolé yín.

Èmi ò ní sọ fún ẹnì kankan. Àmọ́ Abdulquadri àbúrò yín, tóun náà ń wá oyè yìí, jókòó tì wá lọ́jọ́ tí ẹ kọ́ mi, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ tún ojú ìwé kejìlá kà. Ibẹ̀ ni baba ńlá yín ti kú láìbímọ. Ẹ yáa bí ọmọ kan fún un kí aago mẹ́rin tó lù.

Ìyá Faridah