Wọ́n Ń Dín Igi Lẹ́yìn Ilé Wa

Ajé, ọjọ́ 3, oṣù Kẹta

Mo wọn Àpòpọ̀ tán lónìí. Ẹsẹ̀ ń ro mí, ẹ̀yìn ń ro mí. Àpòpọ̀ — orúkọ tí èmi àti Bàámi fún ẹ̀gbẹ́ òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa, torí oríṣi igi mẹ́ta ló pò mọ́ra níbẹ̀. Bàámi ló gbìn wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ni òkè, àwọn tí èmi náà ń bá ṣiṣẹ́ báyìí. Asáré, tó máa ń ga kíákíá. Ìyá-Ewé, tí ewé rẹ̀ ń bọ́ láìdúró, tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ fi rọ̀ bíi tìmùtìmù. Àti Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí kì í bá ẹnikẹ́ni díje. Òkè kejì, oríṣi igi kan ṣoṣo ni wọ́n gbìn sí i, gbogbo wọn tò bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà.

Ìdí igi tiwa tóbi dáadáa. Gíga wọn ni kò tó nǹkan. Mo tún un wọ̀n, bí ẹni pé igi á tijú kó ga sí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 5

Ọ̀gá Gíga pè mí sí ọ́fíìsì. (Kò ga rárá. Gíga igi nìkan ló máa ń béèrè.) Mo ní ìdí igi tiwa ń tóbi ju ti òkè kejì lọ, mo ní ilẹ̀ wa kì í bá òjò lọ, mo ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ máa ṣe bẹbẹ tó bá yá. Ó jẹ́ kí n sọ tán. Ó wá ní, "Àǹtí, gíga ni mo bi yín." Àǹtí ta ni?

Mo sọ bí wọ́n ṣe ga tó fún un. Ó ní kò burú. Ìgbàkígbà tí ọkùnrin yìí bá ní kò burú, ó ti burú nìyẹn.

Ẹtì, ọjọ́ 7

Wọ́n máa gé Àpòpọ̀. Gbogbo ẹ̀ pátá. Wọ́n á wá gbin oríṣi igi kan ṣoṣo síbẹ̀, bíi ti òkè kejì. Ọ̀gá Gíga sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé wọ́n fẹ́ kun ọ́fíìsì lọ́dà.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ débi pé ojú ara mi tì mí. Mo ní kó jọ̀ọ́ dúró títí bàbá mi á fi... mi ò lè parí ẹ̀. Ó ní ó dun òun náà, ṣùgbọ́n àṣẹ ti òkè wá. Òkè wo? Èmi tí mò ń gun òkè lójoojúmọ́, mi ò pàdé àṣẹ kankan níbẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 8

Mi ò tíì sọ fún Bàámi.

Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún wọn, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé la tẹ́ wọn sí, wọ́n kọjú sí Àpòpọ̀. Ojú wọn ò ríran débẹ̀ mọ́. Ariwo ewé ni wọ́n ń gbọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú wọn ráhùn lónìí pé yàrá yìí ṣókùnkùn jù, pé igi ló dí oòrùn, pé láti ọ̀sán la ti ń tan iná. Bàámi ní, "Ẹ fi òjìji mi sílẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì mi nìyẹn." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wá lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ 9

Àbúrò mi pè láti ìlú. Ó ní kí n gbé Bàámi wá sọ́dọ̀ òun. Ṣé àpò sìmẹ́ǹtì ni Bàámi ni? Dókítà ti ní ká má gbé wọn lọ síbi tó jìnnà. Àbúrò mi ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n kúkú sọ òótọ́ fún wọn. Mo ní kó wá sọ ọ́ fúnra ẹ̀. Ló bá ní òun ò gbọ́ mi dáadáa mọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 11

Ayùn bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mò ń fún Bàámi ní tíì. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí nìyẹn.

Mo ní, "Wọ́n ń dín igi ni, Bàámi."

Mi ò mọ ibi tó ti wá. Ó kàn jábọ́ lẹ́nu mi ni.

Ojú Bàámi tàn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bẹ àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n dín Àpòpọ̀, kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú àwọn tó há mọ́ra, kí èyí tó kù lè rọ́nà mí. Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn nígbà yẹn. "Wọ́n wá gbọ́ tèmi," Bàámi ní. Wọ́n mu tíì náà tán. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mu ún tán gbẹ̀yìn.

Ọlọ́run, dárí jì mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 13

Bàámi ti di alábòójútó lórí bẹ́ẹ̀dì. Asáré ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ. Kí wọ́n má fọwọ́ kan Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ o, ọjọ́ ọ̀la ló wà fún. Mo ní mo ti sọ fún wọn.

Mo gun òkè lọ. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe? Ọ̀kan nínú àwọn agégi kí mi kú iṣẹ́. Mi ò lè bá wọn jà, iṣẹ́ ni wọ́n rán wọn. Mo dúró pẹ̀lú téèpù mi lọ́wọ́, mi ò rí ohun tí màá wọ̀n.

Ẹtì, ọjọ́ 14

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lónìí.

Ajé, ọjọ́ 17

Bàámi bi mí bóyá afẹ́fẹ́ ti ń ráyè wọ àárín wọn. Mo ní ó ń wọ̀ ọ́. Ìyá-Ewé ńkọ́? Mo ní ó wà ńbẹ̀. Irọ́ ti ń yọ̀ lẹ́nu mi báyìí, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Wọ́n ní, "Iṣẹ́ yìí mà ń pẹ́ o." Mo ní ọ̀lẹ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìsinsìnyí. Ìyẹn pa Bàámi lẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́ràn kéèyàn máa bú àwọn òṣìṣẹ́ ìsinsìnyí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 19

Òjò. Ayùn ò dún. Mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òjò bí òmùgọ̀. Nígbà tó dá, omi ẹlẹ́rẹ̀ ti kún àgbàlá. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹtì, ọjọ́ 21

Ayùn dákẹ́ lọ́sàn-án. Ó ti parí. Mo jókòó sí ilé ìdáná títí àsìkò oògùn Bàámi fi tó, mo wá bu omi, mo wọlé tọ̀ wọ́n.

Oòrùn wà nínú yàrá.

Gbogbo irọ́ tí mo pa, mi ò ronú kan oòrùn. Ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó tẹ́ sórí ìbora, ó dé ọwọ́ òsì Bàámi. Wọ́n ń yí ọwọ́ náà padà díẹ̀díẹ̀, àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, bí ẹni ń yáná.

Mo fẹ́ fa kọ́tìnnì. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú omi lọ́wọ́.

"Wọ́n ti dín in tán," Bàámi ní.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi."

Wọ́n gba oògùn, wọ́n lò ó. Wọ́n wá ní kí n pa iná, pé kò wúlò mọ́.

Mo pa á.