Ẹ Má Lọ sí Iléèwé Náà Mọ́

Ẹ̀gbọ́n mi Akínwálé,

Mo kí yín o, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ ní Iléṣà. Ṣé orúnkún Màámi ti ń gbà wọ́n láyè láti rìn? Láolú ọkọ mi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ déédéé.

Ẹ dákun, ẹ má lọ sí iléèwé nọ́ọ̀sì yẹn mọ́ nítorí ìwé ẹ̀rí mi. Lóòótọ́ ni wọ́n yí òfin padà níbí, pé kí àwa tá a kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ìtọ́jú ọpọlọ nílé lọ́hùn-ún lè gba ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ju ọdún márùn-ún lọ, àwọn ò ní gbà á. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti fi ń ta wíìgì ní ọjà Bruma nílẹ̀ àjèjì níbí, tí mò ń dúró de ìwé àṣẹ yìí kan náà.

Lánàá, Fasilat aládùúgbò wa, tí kò rí oorun sùn látìgbà tó ti bímọ, ní, "Àǹtí, ọsibítù ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ṣé ẹ̀yin ò lè tọ́jú mi ni?"

Mo ní mi ò láṣẹ. Ó ní, "Ó dáa," ó sì gbé ọmọ rẹ̀ lọ.

Ẹ bá mi gbàdúrà fún un. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ má tíì sọ fún Màámi, torí wọ́n ṣì ń sọ fáwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé nọ́ọ̀sì ni mí.

Àbúrò yín,
Oyíndà