Ọmọ Kan Wọlé, Méjì Jáde

Kẹ́hìndé, ẹnìkejì mi,

Mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo kí òtútù Kánádà tí ò jẹ́ kí o wálé. Dòdò Ìkirè ti wọ́n. Orúnkún Màmá fúyẹ́ díẹ̀, àmọ́ ìpara wọn ti tán.

Ọkàn mi ti dàrú láti àná. Fúnmilọ́lá, ọmọ yunifásítì tó ń kọ ìtàn ilé-ìwòsàn àtijọ́ ọ̀nà Wásinmi, wá sílé wa. Ibẹ̀ ni wọ́n sé àwọn tó ti Gánà dé mọ́ lọ́dún 1969, nítorí àrùn ilẹ̀ gbígbóná. Orúkọ Màmá wà nínú ìwé tó mú wá: Màmá gbé ọmọ oṣù méje kan wọlé, lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlélógún, wọ́n gbé méjì jáde.

Mo bi Màmá. Wọ́n ní, "Ìyá ọmọ kejì kú lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ta ni kí n fi í sílẹ̀ fún?"

Mo ní èwo nínú wa ni. Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé, kí n lọ gbé omi kaná.

Ṣé ènìyàn ń gbàgbé irú ẹ̀? Ìbejì ni gbogbo Àpòmù mọ̀ wá sí. Láti kékeré lo ti ń pàṣẹ fún mi pé Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n. Ta wá lẹ̀gbọ́n báyìí? Mi ò mọ̀ bóyá ara mi ni kí n sunkún fún àbí ìwọ.

Jọ̀ọ́, fi ìpara mìíràn ránṣẹ́. Má bi wọ́n lórí fóònù. Ọlọ́run á dá wọn sí fún wa, á mú ẹ wálé láyọ̀.

Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ pé àwọn ti ra ẹ̀wà ìbejì tọdún yìí.

Èmi,
Táyé