Ẹ Yọ Káàdì Yẹn Kúrò Nínú Aṣọ Mẹ́kà

Ẹ kú ilé o, ìyá mi, Ìyá Ṣàkírù. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kánádà níbí, inú yàrá ni mo kúnlẹ̀ sí o, nítorí yìnyín ti bo gbogbo ìta. Mo kí Bọ̀dá Ṣàkírù, ẹ̀gbọ́n mi, àti ìyàwó wọn. Mo kí gbogbo ará àdúgbò wa ní Ṣakí. Ẹ kú ọyẹ́ o. Ọyẹ́ tí ẹ ń ṣàròyé rẹ̀ yẹn, bí ẹ bá rí òtútù ibí, ẹ ó dúpẹ́.

Ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ṣì wà. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ níbí. Tí mo bá kírun Jímọ̀ tán, mo máa ń wò yíká bí ẹni tó ń wá ènìyàn, kí n tó wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́.

Ìyá àgbà kan wà lọ́dọ̀ wa tí ara wọn dá ṣáṣá. Síbẹ̀, bí ọjọ́ àyẹ̀wò wọn bá pé, wọn a fi yẹtí sí, wọn a kun ètè, wọn a ní kí n sin àwọn lọ sọ́dọ̀ dókítà bí ẹni ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Mo bi wọ́n pé kí ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń lọ. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀yin ni mo rò.

Bọ̀dá ti sọ fún mi. Wọ́n ní káàdì adójútòfò ìlera ìjọba tí àwọn gbà fún yín, ńṣe lẹ wé e mọ́ aṣọ tí ẹ rà bọ̀ láti Mẹ́kà, ẹ sì tì í mọ́ àpótí. Wọ́n ní ẹ sọ pé owó àwọn aláìsàn ni, pé ẹni tí ara rẹ̀ le tó bá lọ jẹ nínú rẹ̀, Ọlọ́run á bi í. Nígbà tí mo pè yín, ẹ ní àjọ ni, àjọ sì ní ẹni tó kàn. Ẹ ní kò tíì kàn yín, kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kó kàn yín.

Àmín o. Ṣùgbọ́n Màámi, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe olórí àjọ àwọn ẹlẹ́lùbọ́, ta ló dúró kí ìsọ̀ rẹ̀ jóná kí ó tó kó àjọ? Bọ̀dá ti béèrè ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ojú wà nínú ẹ̀tọ́ yín, bí ara yín tilẹ̀ le. Ẹni tó bá tètè yẹ ara rẹ̀ wò, ẹrù àwọn yòókù ló ń dín kù. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ojú yín gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Lọ́jọ́ tí a jọ ń wo ara wa lórí fóònù, ẹ kọsẹ̀ lára àga kékeré ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ sì ń bá ẹni tó gbé e síbẹ̀ jà. Màámi, ẹ̀yin lẹ gbé e síbẹ̀ kí ẹ tó bí mi.

Ẹ rántí ìyá yín. Ojú kò dùn wọ́n, kò pọ́n, ó kàn ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, ni gbogbo ilé bá ní ogbó ni. Kí wọ́n tó pè wá lórúkọ, wọn a kọ́kọ́ fi ọwọ́ wọn tó ń run òrí kan imú wa, kan àgbọ̀n wa. Mo fẹ́ràn ọwọ́ yẹn nígbà náà, ọmọdé ni mí. Tí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ẹkún ni mo máa ń sun.

Ẹ má bínú pé mo kọ lẹ́tà yìí sí gbangba. Àwọn ìyá bíi tiyín pọ̀ láti Kísì dé Adó-Àwáyè. Lọ́jọ́ Ajé, Bọ̀dá á gbé ọ̀kadà wá. Ẹ yọ káàdì yẹn. Tó bá wù yín, ẹ ró aṣọ Mẹ́kà náà lọ, kí ẹ sì fi yẹtí sí.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa nínú àlàáfíà. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé wa. Lọ́jọ́ tí mo bá sì dé, Màámi, ẹ ti òkèèrè pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, kí ọwọ́ yín tó kan ojú mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràfíátù Àbẹ̀kẹ́