“Mo Ń Bọ̀” Tí Ẹ Kọ Sára Pátákó

Dádì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé níbi tí ẹ wà kò sí NEPA, kò sí jẹnẹrétọ̀, nítorí náà ẹ máa ráyè ka èyí dópin. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún, ni mo ṣe gbé e wá bá yín.

Ẹ rántí oríkì mi tí ẹ kì sínú kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹsẹ̀ yín bẹ̀rẹ̀ sí í wú? Ẹ ní tí ọjọ́ ìbí mi bá dé tí ọ̀fun bá ń dùn yín, kí n kàn tẹ̀ ẹ́ kí n máa gbọ́. Bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ọ̀fun ni. Jẹnẹrétọ̀ àwọn tó ń gbé lókè wa wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ariwo tó lè jí òkú dìde. Ẹ má bínú, Dádì. Tó bá jẹ́ pé ó lè jí òkú lóòótọ́ ni, ẹ̀yin ni ì bá kọ́kọ́ jí.

Mo wá ní kí n yọ ariwo yẹn kúrò, kí Mọ́mì lè gbọ́ ohùn yín ketekete ní Sátidé tó ń bọ̀, tí í ṣe ọjọ́ ìbí mi. Ẹ mọ̀ pé ìlà méjì péré ni wọ́n mọ̀ nínú oríkì ilé wa, ìyẹn náà, wọ́n á ti po ti Ìjẹ̀bú ilé wọn mọ́ ọn. Mo yọ ọ́ tán, mo tẹ̀ ẹ́ pé kó tọ́jú rẹ̀, bí gbogbo Festac ṣe pariwo “Up NEPA” nìyẹn. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti rí iná gbẹ̀yìn. Mọ́mì fò dé ìdí ṣéńjófà, wọ́n yí i kúrò lórí jẹnẹrétọ̀ sí ti NEPA. Nígbà ayé yín, ẹ̀yin lẹ máa ń dúró síbẹ̀. Ẹ ó na ọrùn sí pálọ̀, ẹ ó bèèrè ẹni tó wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ kì í sì í yí i àfi tí ẹ bá gbọ́ ìdáhùn. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè mọ́. Bátìrì tó yẹ kó gbé kọ̀ǹpútà dúró ti kú ṣáájú yín. Ojú rẹ̀ ṣú pì.

Nígbà tí mo tún tàn án, ó ka nǹkan wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ní òun ti yẹ ara òun wò, gbogbo nǹkan mọ́ tónítóní. Mo jó. Orúkọ fáìlì yín wà níbẹ̀. Mo ṣí i. Òfìfo. Jẹnẹrétọ̀ pàápàá ò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo gbé e lọ sí Raji Rasaki, sọ́dọ̀ Bọ̀dá tó máa ń bá yín tún un ṣe, èyí tí ẹ sọ ní Dókítà. Mo ní òpùrọ́ ni kọ̀ǹpútà yìí, kí wọ́n bá mi nà án. Wọ́n ní kò purọ́. Wọ́n ní kó tó ṣe ohunkóhun, ó máa ń kọ ọ́ sí igun kan pé òun fẹ́ ṣe é. Tó bá ṣe é tán, á pa á rẹ́. Tí iná bá wá lọ láàárín, tó bá jí, igun yẹn ló máa kọ́kọ́ kà. Á parí èyí tó ṣeé parí, á da èyí tí kò ṣeé parí nù, á ní ó ti mọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ àti àyè ló ń kọ síbẹ̀, kì í kọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n wá wò mí lójú. “Àbúrò mi, kí nǹkan mọ́ yàtọ̀ sí kó pé.”

Dádì, ṣé kì í ṣe pátákó yín nìyẹn? Pátákó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí ẹ fi sọ ilé di ọ́fíìsì ìjọba. Kí ẹ tó jáde, ẹ ó kọ ibi tí ẹ ń lọ. Tí ẹ bá dé, ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, kódà kó jẹ́ búrẹ́dì lẹ lọ rà lẹ́nu géètì. Mo kọ tèmi síbẹ̀ lọ́jọ́ kan pé mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ń bọ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín.

Bọ̀dá fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kó yẹ ara rẹ̀ wò láti ìkángun dé ìkángun, gbogbo ọ̀sán. Àwọn àfọ́kù tí kò mọ fáìlì tó bí wọn, ó kó wọn jọ síbì kan, ó fún wọn ní nọ́ńbà dípò orúkọ. Ọmọ aláìlóbìí ni Bọ̀dá pè wọ́n. Ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ tán ni wọ́n rántí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ni wọ́n bá sáré lọ ra mínírà fún mi. Nínú gbogbo àfọ́kù yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ló fọhùn, ohùn yín ni. Ẹ wúkọ́, ẹ wá bèèrè pé: “Ṣé ó ti ń gba ohùn mi?” Ó tán síbẹ̀.

Mo dá yín lóhùn, Dádì. Níwájú Bọ̀dá àti àwọn oníbàárà wọn, mo ní ó ti ń gbà á.

Mọ́mì ń bi mí lálaalẹ́ bóyá ó ti ṣe tán. Mo ní ó kù díẹ̀. Mi ò lè sọ pé ọwọ́ wọn ló yí ṣéńjófà yẹn, wọn ò ní jẹun mọ́. Kí ni kí n wá sọ ní Sátidé? Ẹ̀yin ì bá mọ bí a ṣe ń sọ ọ́. Èmi tí mo lè purọ́ fún kọ́ńdọ́ ọkọ̀ ní Mile 2 kó fún mi ní ṣéńjì, ẹnu mi wúwo.

Ohun tí ẹ kọ kẹ́yìn ṣì wà lára pátákó: Mo lọ gba oògùn, mo ń bọ̀. Ká ní kọ̀ǹpútà ni wá, à bá ti dà á nù, à bá ní ilé ti mọ́. Lánàá, Mọ́mì fi àkísà nu ògiri, wọ́n nu fèrèsé, wọ́n nu ilẹ̀kùn náà, wọ́n wá gba ẹ̀gbẹ́ pátákó kọjá bí ẹni tó ń yẹ kòtò sílẹ̀.

Nígbà tí mo ń lọ gbé kọ̀ǹpútà wálé lónìí, mo kọ tèmi kékeré sábẹ́ tiyín. Mo padà dé, mo fi ìka kan nu tèmi. Mo rọra nù ún, kó má baà kan tiyín.

Èmi ọmọ yín aláriwo,
tó ti délé.